Alátẹ́lẹwọ́ àti Ológbò Màmá

Ní òpópónà kan tí àwọn aránṣọ ti pọ̀ ju àwọn tó ń wọṣọ lọ, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí tán, tí kì í sì í pa dé tán, nítorí tábìlì iṣẹ́ ló dí i lọ́nà. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ń tún máṣínnì ìránṣọ ṣe, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń ṣe é. Bí òbí rẹ̀ bá sọ ọ́ lórúkọ, àwọn aránṣọ kò fi ìyẹn da ara wọn láàmú. Alátẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ wọn.

Bí orúkọ náà ṣe jẹ́ nìyí. Tí aránṣọ bá gbé máṣínnì tó ń pariwo wá, àwọn atúnṣe yòókù á fetí sí i, wọ́n á mirí, wọ́n á ní kó fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Alátẹ́lẹwọ́ kì í fetí sí nǹkan kan. Á ní kí onímáṣínnì máa tẹ̀ ẹ́ lọ, òun á wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lé e lórí, á dijú, á dákẹ́. Tó bá ṣe díẹ̀, á ní, "Síkírù tó wà lábẹ́ ilé bọ́bìnnì ni." Ẹ tú u wò, síkírù yẹn náà ni. "Ariwo lè purọ́," ló máa ń wí, ìyẹn ní ọjọ́ tó bá fẹ́ wí nǹkan. "Ara kì í purọ́."

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin yìí ti kọjá bẹ́ẹ̀. Aránṣọ kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, obìnrin tó sanra dáadáa tí ẹnu rẹ̀ sì dùn, òun ló sọ nígbà kan pé tí ilé Alátẹ́lẹwọ́ bá ń jó, àfi kí èéfín lọ bá a ké sí àwọn aládùúgbò. Ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ́ ti ara rẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ni ìyàwó náà ń rán ní pálọ̀ wọn, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ti í sinmi lórí pẹ́dààlì. Kí wọ́n tó bímọ, "ṣé o ń gbọ́" ni ọkọ rẹ̀ ń pè é. Nígbà tí wọ́n bí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ó di Màmá, Màmá ló sì ń jẹ́ lọ. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n jọ gbé, orúkọ obìnrin náà kò já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Màmá ló ni ológbò. Inú àpò ègé aṣọ ló ti bá a ní ọdún márùndínlógún sẹ́yìn, kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Nígbà tó dàgbà, ó sọ ọ́ di àṣà pé tí àwọn oníbàárà bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń dúró kí Màmá wá wọn ara wọn fún aṣọ, òun náà á lọ jókòó sí àárín gbùngbùn wọn, á máa wo wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bíi pé ìpàdé ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ni Màmá bá sọ ọ́ ní Alága. Kì í pè é lásán, orin ló fi ń ṣe. Á fa àárín rẹ̀ gùn, á fi 'mi' onífẹ̀ẹ́ parí rẹ̀: "Alá-á-á-ga mi." Níbikíbi tí ológbò náà bá wà nínú ilé, yóò dìde wá. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ wọn ń pè é ní "ológbò Màmá." Ti ọkọ, "nǹkan yìí" ni. "Màmá, nǹkan yìí tún ti lọ sùn lé àwọn bẹ́líìtì mi lórí o."

Oṣù méje sẹ́yìn ni Màmá ṣubú nídìí máṣínnì. Iṣan kan ló bẹ́ nínú orí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, kò lajú, kò fọhùn. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ wọn jáde lọ fi omi bọ́jú, ó wá ku Alátẹ́lẹwọ́ nìkan lórí àga. Ni ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún obìnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta, kì, kì, kì, ìka tó máa ń fi ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ń kọjá lọ. Ó dúró, ó ní, "Ẹ pè é, bàbá. Ẹ pè é lórúkọ. Wọ́n máa ń gbọ́ nígbà mìíràn."

Bàbá kò pè é. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ìka náà, ó rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Nígbà tó dákẹ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó rò pé òun ti tún nǹkan ṣe. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Màmá ti kú. Kò sọ ọ̀rọ̀ ìka yìí fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ rẹ̀.

Kò sunkún. Ẹ má rò pé ó ń ṣe ọkùnrin o. Ó wá ẹkún náà tì ni. Bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú tí èèyàn bá jókòó lé e pẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ ṣe kú. Àwọn èèyàn wá kí i, ó ní ẹ ṣeun. Ọmọ rẹ̀ gbé oúnjẹ wá, ó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kó búra, kò lè sọ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, á ṣí aṣọ tó bo máṣínnì Màmá, á ta òróró sí i, á nu eruku rẹ̀, á tún bò ó padà. Kò sí ẹni tó ń fi ránṣọ. Ó ń ta òróró sí i nítorí pé Sátidé ni.

Ológbò ni ọmọ rẹ̀ ní kó máa gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó má baà dá nìkan wà nílé. Ó ń gbé e lọ. Inú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ tábìlì ló ń sùn sí, lórí àwọn ègé aṣọ ìnudọ̀tí. Alátẹ́lẹwọ́ kì í bá a sọ̀rọ̀, òun náà kì í sì í bá Alátẹ́lẹwọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n kàn jọ wà níbẹ̀ bí ẹni méjì tó jọ wọ ọkọ̀ kan náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ológbò náà na ara sílẹ̀ sínú oòrùn tó wọ ẹnu ọ̀nà. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ó sáré láti èjìká dé ìdí, ó tún sáré padà. Etí rẹ̀ kan ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń ta, kì, kì, kì.

Irin tó fi ń tú síkírù bọ́ lọ́wọ́ Alátẹ́lẹwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́. Ológbò náà fò sókè pẹ̀lú ariwo, ó ya á lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, ó sì sá wọ abẹ́ tábìlì.

Aránṣọ iwájú ti rí gbogbo rẹ̀. Ó pariwo láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ pé, "Alátẹ́lẹwọ́, kí lẹ fi ọwọ́ tẹ ológbò olóyè yìí mọ́lẹ̀ fún? Àlá ló ń lá! Ó ń lé eku lójú oorun ni!"

Alátẹ́lẹwọ́ ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. "Ohun tó bá ń gbọ̀n nígbà tó yẹ kó dúró," ó ní, "nǹkan kan ti tú nínú rẹ̀."

"Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko nígbà náà. Àgbàlagbà ni, ẹ má fi ṣeré."

Ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, gba àyè níbi iṣẹ́, ó sì bá a gbé e lọ. Dókítà ẹranko náà kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Ó wo ojú ológbò, ó wo eyín rẹ̀, ó fọwọ́ wá kókó lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ó ní ara títa lójú oorun kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ara èèyàn náà máa ń ta. Ṣùgbọ́n tí ẹranko bá ti dàgbà tó báyìí, ó lè jẹ́ oríkèé tó ń dùn ún, ó sì lè jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ló ti ń bàjẹ́.

"Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n?" ọmọ rẹ̀ bi í.

"Kò le. Nígbà tó bá dùbúlẹ̀ tí ara rẹ̀ ń ta, kí ẹ rọra pè é. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, bàbá, ọwọ́ á dẹ́rù bà á. Kí ẹ pè é ni. Tó bá gbọ́, tó dá títa náà dúró, tó gbórí sókè, oorun ni. Tí ẹ bá pè é, pè é, tí kò dúró, ìyẹn kì í ṣe oorun mọ́."

"Tí kì í bá ṣe oorun ńkọ́?"

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Ní ọjọ́ orí rẹ̀ yìí, kò sí iṣẹ́ abẹ tí mo lè ṣe fún un. Màá ní kí ẹ jẹ́ kí n fún un ní abẹ́rẹ́ ìsinmi, kó sùn lọ títí láé, kó má jìyà." Ó fún Alátẹ́lẹwọ́ ní bébà kan tí wọ́n kọ ọjọ́ mẹ́rin sí, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, pé kó máa kọ "Ó dúró" tàbí "Kò dúró" síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ti wá dọ́wọ́ ọkùnrin yìí, ohun tí wọ́n sì ní kó fi gba ẹ̀mí náà là ni ohun tí kò ní: ẹnu. Wọ́n tún ti gba àtẹ́lẹwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ajé, ara ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní ọ̀sán. Alátẹ́lẹwọ́ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn kí wọ́n má baà ṣe ohun tó ti mọ́ wọn lára. Ó ní, "Hẹ̀n." Títa kò dúró. Ó ní, "Ìwọ. Nǹkan yìí." Kò dúró. Ó mú bébà, ó kọ ọ́: Kò dúró.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi irin kan tábìlì, kó, kó, kó. Ó ju agolo bọ́bìnnì sílẹ̀, gbogbo bọ́bìnnì yí káàkiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀ọ́, ológbò tó ti sùn ní ìdí máṣínnì fún ọdún márùndínlógún, tí agolo kò bá jí i, ta ni ká dá lẹ́bi? Ó kọ ọ́: Kò dúró. Olóòótọ́ ni. Kò ní parọ́ fún dókítà nítorí ológbò, bí kò ti parọ́ fún aránṣọ nítorí máṣínnì rí.

Lọ́jọ́rú, ó rántí orúkọ náà. Ó yanu, orúkọ náà sì wà lórí ahọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn Màmá ló bá a wá, pẹ̀lú orin rẹ̀ àti 'mi' ìparí rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Bí ẹni tó fẹ́ wọ bàtà ẹlòmíràn ló rí lára rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ariwo ni ariwo, pé ẹranko tí kò bá gbọ́ agolo kò lè gbọ́ orúkọ. Ó pòṣé mọ́ ológbò náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò dúró.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó tún kan tábìlì, ó tún kọ ọ́: Kò dúró. Ọmọ rẹ̀ yà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nígbà tó ṣíwọ́ iṣẹ́. Ó mú bébà náà, ó kà á, omijé sì bọ́ sí i lójú. Alátẹ́lẹwọ́ ń wo omijé ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo òjò láti ojú fèrèsé. Ó mọ̀ pé òjò ni. Kò pa á.

"Bàámi, ọ̀la nìyẹn."

"Ọ̀la ni."

"Wọ́n máa gún un lábẹ́rẹ́, á sì parí síbẹ̀. Ohun tí Màmá fi sílẹ̀ nìyí o. Ṣé kò tiẹ̀ ṣe yín bákan ni?"

Ó rò ó dáadáa, nítorí pé ó fẹ́ dá a lóhùn òótọ́. "Kò ṣe mí bákan," ó ní.

"Ẹ ò sì sunkún Màmá náà." Ó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn bọ́bìnnì tó kù nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, agbọ̀n ni wọ́n fi gbé ológbò lọ. Èèyàn pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúró, wọ́n sì jókòó pẹ́. Obìnrin kan gbé ehoro lé itan, ọkùnrin kan di ajá mú. Bẹ́ǹṣì wọn kọjú sí ilẹ̀kùn onígíláàsì tó wọlé láti títì, oòrùn ń gba ibẹ̀ wọlé sínú agbọ̀n náà. Oorun gbé ológbò lọ. Kò pẹ́, awọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Dókítà fúnra rẹ̀ ló jáde wá bá wọn, ó mú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ó ka bébà ọjọ́ mẹ́rin náà, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ẹ ti gbìyànjú." Ó jókòó tì í, ó gbé fọ́ọ̀mù lé orúnkún. "Mo ní láti kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Kí lẹ ń pè é?"

Alátẹ́lẹwọ́ fa agbọ̀n náà mọ́ra.

"Bàbá? Kí lẹ fi ń pè é láti Ọjọ́ Ajé?"

"Mo ń kan tábìlì."

Ọmọ rẹ̀ yí ojú sí i. "Ẹ ń kan tábìlì? Bàámi! Ẹ ò pe orúkọ rẹ̀ rárá?"

"Èmi kọ́ ló ń pè é," ó ní. "Màmá ló ń pè é."

Dókítà kò bínú. Ó gbé bírò kúrò lórí fọ́ọ̀mù. "Báwo ni Màmá ṣe máa ń pè é?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀ tí wọ́n ń gbà pe orúkọ yẹn, òun ló sì gbà. Ohùn rẹ̀ há, kò dùn rárá, ẹni tí kò kọrin rí ló ń kọrin níwájú àlejò. "Alá-á-á-ga mi."

Ẹsẹ̀ ológbò náà dúró. Awọ rẹ̀ dúró. Ó lajú, ó gbórí sókè láti inú agbọ̀n. Kò wo ẹni tó pè é. Ó wo ilẹ̀kùn, ó na ọrùn, etí rẹ̀ méjèèjì kọjú síbẹ̀, ó ń retí.

Àfi bí ẹni pé wọ́n pàṣẹ fún wọn, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ yíjú sí ilẹ̀kùn. Obìnrin eléhoro wò ó. Ọmọ rẹ̀ wò ó. Alátẹ́lẹwọ́ náà wò ó, ó sì wò ó pẹ́. Àwọn èèyàn ń kọjá lọ ní títì. Kò sí ẹni tó wọlé.

"Ó gbọ́!" dókítà wí. "Bàbá, ó gbọ́ yín. Oorun ni, oorun àgbà lásán ni. Èmi ò ní gún un ní abẹ́rẹ́ kankan." Ọmọ rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń nu ojú.

Ṣùgbọ́n ológbò ni bàbá rẹ̀ tẹjú mọ́. "Kò sí níbẹ̀," ó sọ fún un. "Màmá kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ ọ́ jáde fún ohun ẹlẹ́mìí kankan. Ẹ mọ bí ẹsẹ̀ tó kú ṣe máa ń ta èèyàn nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá padà sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, láti àyà. Ó dùn ún. Ó dùn ún débi pé ó di etí bẹ́ǹṣì mú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n, kò sì sí àtẹ́lẹwọ́ tó lè dá a dúró.

"Bàámi." Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Bàámi, ó yè. Kò ní kú. Kí ló dé?"

"Nọ́ọ̀sì ní kí n pè é," ó ní.

"Nọ́ọ̀sì wo? Kí ẹ pe ta ni?"

"Màmá. O ti lọ bọ́jú. Ìka rẹ̀ ń ta. Nọ́ọ̀sì ní kí n pè é lórúkọ, pé wọ́n máa ń gbọ́." Ó ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá síkírù lórí ilẹ̀. "Mo tẹ́ ọwọ́ lé e, ó dúró. Mo rò pé iṣẹ́ ni mo ṣe. Mi ò pè é."

Ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó sì dì í mú síbẹ̀. Dókítà ká fọ́ọ̀mù sí méjì, ó tì í sápò.

Nígbà tó ṣe, Alátẹ́lẹwọ́ tẹríba sórí agbọ̀n náà, ó sì pe orúkọ. Kì í ṣe orúkọ ológbò ló pè lọ́tẹ̀ yìí. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni, orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́, ó pè é ní kíkún, ó sì tún un pè. Ológbò náà kò mọ orúkọ yẹn. Ilẹ̀kùn ló ṣì ń wò.